Má Dá Èémí Dúró Dè É

   

Ìpè kan ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, ló pè mí láti ìlú òyìnbó. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fún un láti ọjọ́ tó ti débẹ̀: agogo mẹ́jọ alẹ́ ni yóò wọlé, agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni yóò jáde. Ó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó gbé òun sí iṣẹ́ ọ̀sán. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, òun á rí sí i.

Inú àbúrò mi dùn. Nígbà tó dé yàrá ìsinmi, ó sọ ọ́ fún obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ti pẹ́ nílé ìtọ́jú náà dáadáa. Obìnrin yẹn wò ó títí, ó mi orí, ó ní: "Don't hold your breath, love."

Àbúrò mi jókòó, ó tú gbólóhùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dá dúró. Èémí. Má dá èémí rẹ dúró. Ó ronú pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ló máa ń dá èémí dúró. Tí wọ́n bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má dá èémí dúró mọ́, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀ ni, kó mí kanlẹ̀, torí ohun tó ń wá ti dé tán. Ọ̀rọ̀ "love" tó wà nídìí rẹ̀ tún fi í lọ́kàn balẹ̀ sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé ìtọ́jú mìíràn pè é, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀sán wà lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní ẹ ṣé o, ibi tí òun wà ti fẹ́ gbé òun sí ọ̀sán. Oṣù kan kọjá. Oṣù kejì kọjá. Nígbà tó pè mí, oṣù karùn-ún ló ń lọ, iṣẹ́ alẹ́ náà ló sì ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo lọ bá ìyá òyìnbó yẹn. Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní ìgbà wo? Ó ní gbangba gbàǹgbà lòun sọ fún mi pé kí n má retí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan tí gbólóhùn yẹn ń sọ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi. Nǹkan tó ń sọ nìyẹn.

N ò fẹ́ dá a lẹ́bi. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ìtumọ̀ tó fún un yẹn ní làákàyè nínú. Ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ò sí lójú rẹ̀ ló gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé e wá síwájú yín, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ lókè òkun, ẹlòmíràn nínú yín sì ń di ẹrù lọ́wọ́.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ nìyí: bí o bá ní o fẹ́ dá èémí dúró títí ohun tí ò ń retí yóò fi dé, wàá ti kú kó tó dé. Nítorí náà, máa mí lọ. Ohun náà ò sí nítòsí, ó sì lè má dé rárá. Ká ní ìyá Yorùbá kan ló jókòó sí yàrá ìsinmi yẹn, ohun tí ì bá sọ ni pé, "Má fọkàn sí i, ọmọ mi." "Ọmọ mi" yẹn gan-an ni "love" tí obìnrin òyìnbó náà lò. Ní àwọn apá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àgbà obìnrin ṣe ń pe ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo èémí fúnra rẹ̀, torí orí òtítọ́ ara ni wọ́n kọ́ àkànlò èdè yìí lé. Ẹni tí ò fi kọ́ra, tó bá di imú, tó pa ẹnu dé, agbára káká ni yóò fi lo ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Kì í ṣe pé ọ́síjìn ti tán lára rẹ̀ nígbà yẹn. Kábọ́ńdáyọ́ksáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó yẹ kó mí síta, ló ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ rí i, ó sì pàṣẹ fún àyà pé kó ṣí. Bí èèyàn fẹ́, bí èèyàn kọ̀, yóò mí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ọmọ ilẹ̀ Croatia kan tó ń jẹ́ Budimir Šobat dojú bolẹ̀ nínú omi fún ìṣẹ́jú 24 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37, kò mí. Ó ti kọ́kọ́ mí ọ́síjìn gidi sínú kó tó wọ omi o, ó sì ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ara rẹ̀. Gbogbo wàhálà yẹn, kò pé ìdajì wákàtí. Àbúrò mi ti ń retí fún oṣù márùn-ún.

Ó yẹ kí gbólóhùn yìí ṣòro fún etí Yorùbá. Lọ́dọ̀ wa, èémí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Láti ara "mí" la ti rí ẹ̀mí, ibẹ̀ náà la ti rí èémí. Ohun tó ń gba imú wọlé jáde àti ohun tó mú wa wà láàyè, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n nínú èdè wa. Ẹni tó kú, a ní ó gbẹ́mìí mì. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá, ìmí ẹ̀dùn ló ń mí. Ẹni tó sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tí wọ́n sọ ẹrù ìdààmú kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n ò rí ibi tí àwa ti ń fi èémí sọ pé nǹkan ò ní í dé. Ojú àti ọ̀nà la fi ń sọ̀rọ̀ ìretí. A ní a ń fojú sọ́nà. A ní a ń wọ̀nà. Ẹni tí a rò pé yóò ràn wá lọ́wọ́, a gbójú lé e. Ìdí ni pé láyé àtijọ́, ẹni tó lọ sí oko tàbí àjò, ọ̀nà náà ni yóò gbà padà, kò sì sí fóònù tí yóò fi sọ ibi tó dé. Ẹni tó ń retí rẹ̀ á gbé àpótí síwájú ilé, á máa wo ìyànà. Nínú gbólóhùn tí obìnrin yẹn sọ, àyà ẹni tó ń retí ló dúró. Nínú tiwa, ojú rẹ̀ ló dúró. Nígbà tí àbúrò mi gbọ́ èémí, kò sí ohunkóhun nínú èdè ìyá rẹ̀ tó lè fọ̀nà hàn án.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó wá ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ fi ohùn sọ́kàn. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ kì í pariwo. Á sọ ọ́ wẹ́rẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ létí ẹnu, nígbà mìíràn pẹ̀lú orí mímì. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n sọ ṣáájú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti sọ ìlérí kan, tí ẹnìkejì wá dá a lóhùn pẹ̀lú gbólóhùn yìí, ọ̀rọ̀ nípa ìlérí náà ló ń sọ, kò fi ti èémí ẹnikẹ́ni ṣe. Onílé ní òun á tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ṣe kí òtútù tó dé, aládùúgbò á ní kẹ́ ẹ má dá èémí dúró. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dé lásìkò láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tẹ́ ẹ jọ dúró ní ibùdó á sọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ lè sọ ọ́ sí ara yín pẹ̀lú, ibẹ̀ ló sì ti rọ̀ jù lọ. Bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ rò pé wọ́n á san owó yẹn padà fún yín, ẹ lè ní "I'm not holding my breath," ìyẹn ni pé, èmi ò fọkàn sí i o, mo ń bá tèmi lọ. Kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ sí ẹlòmíràn lójú, ẹ wo ẹni tó jẹ́. Ẹ má sọ ọ́ sí ọ̀gá yín nípa ìlérí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, torí òpùrọ́ lẹ pè é yẹn. Ẹ má sọ ọ́ sí ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, tàbí tọkọtaya tó ń wá ọmọ. Òyìnbó tó lẹ́kọ̀ọ́ gan-an ò jẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu láàárín ọ̀rẹ́ lè di ọ̀bẹ lọ́dọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ kan náà ò ti ní àkànlò kankan nínú. Bí ẹ bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán àyà, tí òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ bá ní "hold your breath", ẹ dá a dúró lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá mí, àyà á sún, àwòrán á sì dàrú. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń sọ fún àwọn ìyá àgbà nìyẹn: "Ẹ mí sínú, mà. Ẹ má tíì mí síta."

Bákan náà, tí kò bá sí "má" níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọkàn gbogbo èèyàn ló wà lókè. Ẹ rántí ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà jọ kojú ní Bouaké, nílẹ̀ Côte d'Ivoire, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ta ọ̀mì, ọ̀rọ̀ di ti gbígbá bọ́ọ̀lù láti ojú àmì. Stanley Nwabali gba méjì dúró. Kelechi Iheanacho wá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún èyí tí yóò parí rẹ̀. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan lèèyàn ń gbọ́. Gbogbo wa la dá èémí dúró lóòótọ́, títí tí bọ́ọ̀lù fi wọ inú àwọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì á ní gbogbo ìlú "held their breath", ó sì tọ̀nà. Ohun tí a ń dúró dè ò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Irú ìdúró tí èémí lè gbà nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀ kan. "Save your breath" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìretí. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé, má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí ò ń bá sọ ọ́ kò ní í gbọ́. Òmíràn tún wà tó jẹ́ òdìkejì èyí tí à ń sọ yìí pátápátá, ìyẹn "with bated breath". Ìwé eré William Shakespeare, *The Merchant of Venice*, tó kọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ èdè. Shylock ayánilówó ló sọ ọ́ níbẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ ẹrú níwájú ẹni tó jù ú lọ ló sì fi ń ṣàpèjúwe. Lónìí, ẹni tó ń retí nǹkan tọkàntara ni wọ́n ń lò ó fún: èémí rẹ̀ ti dín kù nítorí ìretí. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ni èdè náà, ló máa ń kọ ọ́ bíi "baited", bí ẹni pé ìjẹ ẹja ni wọ́n fi sẹ́nu. Ẹ má bá wọn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nílé wa ńbí, a ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ́, bí ipò ẹni bá ṣe rí. Fún ọ̀rẹ́: "Má gbójú lé e." Fún àgbà: "Ẹ má fọkàn sí i, sà." Fún ẹni tó ti ń náwó tí kò tíì rí: ẹni tó gbójú lógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní tiwọn: ẹ sọ fún wọn pé iná ọba ò ní í lọ mọ́ láti ọ̀la, wọ́n á ní, "Máa ṣeré." Àwọn tó ń sọ pidgin á ní, "You go wait tire." Mo fẹ́ràn èyí tó kẹ́yìn yẹn, torí ó rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì rí: pé ẹni tó ń retí ní ara, àárẹ̀ sì lè mú ara náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè máa ń fò. Wọ́n á ní àkànlò yìí túmọ̀ sí pé nǹkan náà ò ní í ṣẹlẹ̀ láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sọ pé má retí. Ó ní má dá èémí dúró nígbà tí ò ń retí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi, ìtàn Èkó sì lè jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nínú wa rántí Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983. Ó ní òun máa fún Èkó ní ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa kó èrò láàárín ìgboro, wọ́n sì pe ètò náà ní Metroline. Ọdún 1983 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, tí ara èrò ti ń yá gágá. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn, àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé ètò náà, owó tí Èkó sì ti san sórí rẹ̀ wọgbó. Ẹni tó bá sọ fún ará Èkó ní 1985 pé kó má fọkàn sí ọkọ̀ ojú irin yẹn mọ́, òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà sì gùn. Ìjọba ológun wá, wọ́n lọ. Alágbádá dé. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà irin tuntun nígbà ìjọba gómìnà Babatunde Fashola, iṣẹ́ náà fà bí ìgbín. Ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà aláwọ̀ búlúù, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló sì ṣí i. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni èrò tó ń sanwó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, láti Marina sí Mile 2, ìrìn kìlómítà 13.

Láti 1983 sí 2023, ogójì ọdún gbáko. Jakande ti papò dà ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 91. Kò wọ ọkọ̀ náà.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òwe wa yìí ò parọ́, ọkọ̀ ojú irin náà dé. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ẹni tó ní òun ò ní í ra mọ́tò, òun ò ní í kó kúrò níbi tó jìnnà sí iṣẹ́, òun ò ní í ṣe ohunkóhun, àfi kí Metroline dé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1983 ti pé ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Èkó tí mo mọ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ mólúè, wọ́n wọ dáńfó, wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n tọ́ ọmọ, wọ́n kọ́lé. Wọ́n ń mí lọ. Nígbà tí ọkọ̀ wá dé, ó bá wọn láàyè.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí lọ́kàn ju bó ṣe yẹ lọ ni bàbá mi. Tíṣà ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tó ibẹ̀. Wọ́n á fún un ní àga. Wọ́n á bu omi fún un. "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, fáìlì yín ti wà lórí tábìlì ọ̀gá." "Bàbá, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." "Bàbá, Ọlọ́run á ṣe é." Bàbá mi á padà wálé pẹ̀lú ìdùnnú. Páànù yàrá tó wà lẹ́yìn ti jò, ó ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án, owó ń bọ̀, òun fẹ́ pààrọ̀ gbogbo òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ oko rẹ̀ wà ní àìro, ó ní òun á háyà àwọn alágbàṣe tí owó bá dé. Ìyá mi fi abọ́ gba omi òjò nínú yàrá yẹn fún ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nínú ọ́fíìsì yẹn bá bàbá mi gbé báàgì dé ẹnu géètì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ẹ lọ máa ṣe nǹkan mìíràn. Fáìlì yín ò sí lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Owó yìí ò ní í jáde lọ́dún yìí, n ò sì rò pé yóò jáde lọ́dún tó ń bọ̀."

Bàbá mi bínú lọ́jọ́ yẹn. Kò jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú àdá, ó lọ sí oko. Kí òjò ọdún yẹn tó rọlẹ̀ tán, ó ti gbin pákí sí ilẹ̀ náà, ó sì ti ra ìwé páànù mẹ́fà, èyí tó tó yàrá ẹ̀yìn nìkan. Ó tún gbé ọdún púpọ̀ láyé. Orúkọ ọmọkùnrin yẹn wà nínú àdúrà rẹ̀ títí tó fi kú. N ò gbọ́ kó gbàdúrà fún àwọn tó ń bu omi fún un.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi ní ìyá òyìnbó yẹn le, mo ní rárá o. Nínú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ wà nílé ìtọ́jú yẹn, òun nìkan ló sọ òótọ́ fún ọ. Ọ̀gá tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní kí o fi í sílẹ̀ fún òun, òun ló gba oṣù márùn-ún lọ́wọ́ rẹ. Èdè ló dínà láàárín ìwọ àti ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí àwa náà ń dá lójoojúmọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. A kì í fẹ́ kí ojú ẹni ó fà ro níwájú wa. Télọ̀ mọ̀ pé aṣọ ò ní í jáde lọ́jọ́ Sátidé, á ní "ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé". Ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun mọ̀ pé òun ò lè rí owó ilé ìwé àbúrò, á ní "fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì". Ọkùnrin mọ̀ pé òun ò ní í fẹ́ ọmọbìnrin, á ní "jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ilé mi ná". A ń pè é ní ọ̀rọ̀ tútù. A ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí. Lójú tèmi, ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ò sí, tó sì ń jẹ́ kí ẹnìkejì jókòó ti ọ̀nà, ó ń jẹ ọjọ́ ayé onítọ̀hún ni, kò sì sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìyẹn.

N ò sọ pé ká máa fi ẹnu ṣá èèyàn lọ́gbẹ́. Ọmọkùnrin ọ́fíìsì yẹn bẹ bàbá mi kó tó sọ ọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó dúró títí ọkọ̀ fi dé. Bó ṣe yẹ kéèyàn sọ ọ́ nìyẹn.

Àbúrò mi ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn báyìí. Ilé ìtọ́jú kejì ti gba ẹlòmíràn sí iṣẹ́ ọ̀sán tó kọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí òmíràn lẹ́yìn oṣù méjì, ó sì ń sùn sílé lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Òun àti ìyá òyìnbó yẹn ṣì máa ń pe ara wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kẹ́ ẹ tó pa rédíò yín lálẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí ẹnì kan tó ń wọ̀nà fún yín, tẹ́ ẹ sì mọ̀ lọ́kàn yín pé ohun tó ń retí ò sí. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rí owó, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rí àlàyé tó dùn. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ pè é. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ.